Yíya fọ́tò ilé àwókù tí wọ́n ti tọ́jú alárùn ọpọlọ rí ní Rẹ́mọ: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

AYAFỌ́TÒ ṢÀGÁMÙ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Fọ́tò ni mo ń yà jẹun níbí ní Ṣàgámù: ìgbéyàwó, òkú ṣíṣe, ìsọmọlórúkọ, ibi tí wọ́n bá ti pè mí náà ni mò ń lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wo fọ́tò àwọn ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí wọ́n ti pa tì lókè òkun. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí ọ̀dà ògiri rẹ̀ ti ń bó, bẹ́ẹ̀dì onírin tó ti dípẹtà, àga kan ṣoṣo níwájú fèrèsé. Ó wù mí kí n ya tiwa.

Ilé kan wà ní apá Rẹ́mọ níbí, mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Bàbá oníṣègùn kan ló ń wo àwọn tí orí wọn dàrú níbẹ̀ láyé àtijọ́. Bàbá ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ wà l'Ékòó, igbó ti gba ẹ̀yìnkùlé. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí yàrá kéékèèké tó tò tẹ̀ lé ara wọn, mo rí ṣẹkẹṣẹkẹ̀ tó ṣì rọ̀ mọ́ ògiri. Kí ni kí n ṣe kí n tó wọlé? Kí ni kí n mú dání? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé iwin wà níbẹ̀. Màmá mi ti sọ ọ́.

ỌMỌ ÌKẸ́NNẸ́

Àbúrò, iwin kọ́ ni wàhálà rẹ, àwọn alààyè ni. Láti ìgbà tí àṣírí ilé Sókà, níbi tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n jí gbé pamọ́ sí, ti tú n'Íbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 2014, bí èèyàn bá rí gende méjì tí wọ́n gbé báàgì dúdú wọ ilé àwókù, gbọ́mọgbọ́mọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè wọ́n. Ẹnì kan á figbe ta, kí ẹ tó mọ̀, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ti yí yín po, táyà ti dé. Kò sẹ́ni tó máa dúró gbọ́ àlàyé lẹ́ǹsì.

Nítorí náà, nígbà àkọ́kọ́ tó o máa lọ, má gbé kámẹ́rà dání rárá. Lọ lọ́sàn-án gangan. Kí baálẹ̀, kí alága àwọn onílé, má sì fo ìyá tó ń ta gààrí ní òdìkejì títì, torí òun gan-an ni ọlọ́dẹ ilé náà. Òun ló mọ ẹni tó ń wọ ibẹ̀ lálẹ́, òun ló mọ nọ́ńbà fóònù àkọ́bí bàbá. Ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá àwọn ọmọ olóògbé, kì í sì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo o! Ìwọ náà mọ bí ọ̀rọ̀ ogún ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa: ẹni tó ní kó o wọlé lónìí lè má tíì bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sìnkú bàbá wọn. Bí o bá rí i tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, dúró síta kó o bèèrè. Ẹjọ́ lè wà ní kóòtù, ẹni tó bá sì ń fi kámẹ́rà yí ilé tó wà lẹ́nu ẹjọ́ ká, ajagungbalẹ̀ ni wọ́n máa rò pé ó rán an.

Gba àṣẹ náà ní kíkọ. Ojú ewé kan tó, kí orúkọ rẹ àti ọjọ́ tó o máa wá wà níbẹ̀. Fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, fi ọ̀kan sápò. Jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ So-Safe àti Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò náà gbọ́ sí i. Drone, kámẹ́rà tó ń fò, ńkọ́? Fi sílẹ̀ nílé. Ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni, lọ́dọ̀ NCAA tó ń rí sí ọkọ̀ òfurufú àti lọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ààbò, kò sì yẹ fún iṣẹ́ kékeré báyìí.

BÍRÍKÌLÀ ÌJẸ̀BÚ-ÒDE

Ilé kíkọ́ niṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ ilé ni mo máa sọ. Ohun tó lè pa yín níbẹ̀, abẹ́ ẹsẹ̀ yín ló wà. Ẹ̀yìnkùlé tí igbó bò yẹn, kànga wà níbẹ̀, ṣáláńgá wà níbẹ̀. Kò sí ilé àtijọ́ tó gba èrò báyẹn tí kò ní méjèèjì. Pákó ni wọ́n máa ń tẹ́ sẹ́nu ṣáláńgá nígbà náà, wọ́n á wá da sìmẹ́ńtì tẹ́ẹ́rẹ́ lé e. Ikán ti jẹ pákó tán nísàlẹ̀. Sìmẹ́ńtì nìkan ló kù, ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ló ń dúró dè. Ẹ gé ọ̀pá gígùn, kí ẹni tó wà níwájú máa fi gún ilẹ̀ kó tó gbẹ́sẹ̀, kí àwọn yòókù máa tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, bí páànù bá ti ṣí lórí rẹ̀, òjò á máa wọ inú rẹ̀ láti òkè. Ẹ wò ó, ó le lójú. Ẹrẹ̀ ni nínú. Ẹ má fara tì í, ẹ má gbé àkàbà tì í. Ẹ kọ́kọ́ wo igun yàrá: bí ògiri méjì bá ti ya ara wọn débi tí ìka lè wọ̀ ọ́, ìta ni kí ẹ ti ya yàrá yẹn. Ọjọ́ kejì òjò ńlá, ẹ má lọ rárá.

Bó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onípákó, ẹ má gùn ún. Bí ẹ bá sì fẹ́ gùn ún dandan (mo mọ̀ yín), orí ìlà ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀, torí ibẹ̀ ni igi tó gbé pákó dúró gbà kọjá. Àárín ìlà ìṣó méjì ni ẹsẹ̀ ti ń já wálẹ̀.

Asbestos òkè àjà náà ńkọ́? Nínú àwọn ilé àtijọ́, ojúlówó rẹ̀ ló wà níbẹ̀, kì í ṣe PVC ayé ìsinsìnyí. Èyí tó wà lódidi lókè kò ní ṣe yín ní nǹkan. Èyí tó ti fọ́ sílẹ̀ tí ẹ ń rìn lórí rẹ̀, eruku rẹ̀ ló ń lọ jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè tó ogún ọdún kó tó yọjú. Ìbòmú aláṣọ ìgbà Kòrónà ò lè dá a dúró. Ìbòmú tí wọ́n kọ FFP3 sí lára ni kí ẹ rà. Ẹ fọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ lọ́tọ̀, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ ti àwọn ọmọ.

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àwọn alárùn ọpọlọ ni mo fi gbogbo ìgbà iṣẹ́ mi tọ́jú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹ ò fi lè rí irú ilé òyìnbó yẹn ní Ìjẹ̀bú tàbí Rẹ́mọ. A ò kọ́ ọ rí ni. Yàbá ti wà láti 1907. Lantoro l'Abẹ́òkúta, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kí wọ́n tó sọ ọ́ di ti àwọn alárùn ọpọlọ ní 1944. Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo wá bẹ̀rẹ̀ ní Aro ní 1954, kò dúró de ìgbà tí bẹ́ẹ̀dì máa pé. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sínú àwọn abúlé tó yí Aro ká. Ilé àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ẹbí aláìsàn á bá a wá láti máa se oúnjẹ fún un, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, wọ́n á padà sábúlé. Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ìdí rèé tí kò fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí ẹnikẹ́ni máa pa tì. Aro àti Yàbá ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé kámẹ́rà lọ síbẹ̀ pé òun ń wá àwókù.

Ilé àwókù pàápàá kì í sábà ṣófo. Ẹ lè bá ẹni tí ara rẹ̀ kò yá tó ń sùn síbẹ̀. Ẹ má ya fọ́tò rẹ̀, bó ti wù kó rí, kódà láti ẹ̀yìn. Ẹ kí i láti òkèèrè, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà tó máa gbà jáde, kí ẹ wá kúrò jẹ́jẹ́. Ẹ̀rù yín ń bà á ju bí tirẹ̀ ṣe ń bà yín lọ.

Bí ẹ bá rí ìwé tí wọ́n kọ orúkọ sí, ẹ má ṣí i síwájú kámẹ́rà. Àwọn ìdílé tí orúkọ wọn wà níbẹ̀ ṣì ń fi ọmọ fọ́kọ nílùú yìí, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ìran ara wọn kí wọ́n tó gba ìdána. Àkọ́bí olóògbé ni kí ẹ kó ìwé náà fún.

ỌMỌ ÌJẸ̀BÚ-IGBÓ NÍ ÌLÚ ỌBA

Màmá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n fi tibí kún un. Àwọn ilé ńlá tí Ayafọ́tò ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oògùn àti òfin ló sọ wọ́n di ahoro. Ní 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn alárùn ọpọlọ ní oògùn chlorpromazine ní Paris. Àwọn tí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni wọ́n máa kú sí bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé. Ní 1961, Enoch Powell tó jẹ́ mínísítà ìlera níbí sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé àwọn ilé náà máa kógbá sílé. Ní Ítálì, òfin 180 ti ọdún 1978 ní kí wọ́n má gba aláìsàn tuntun sínú wọn mọ́. Ilé tí wọ́n kọ́ bí ìlú ńlá, ta ló fẹ́ tún òrùlé rẹ̀ ṣe nígbà tí kò sí aláìsàn? Denbigh ní Wales, 1848 ni wọ́n ṣí i, 1995 ni wọ́n tì í, iná sì jó gbọ̀ngàn rẹ̀ ní 2008.

Ohun tí àwọn ayafọ́tò náà kì í sọ ni pé ọ̀pọ̀ wọn sanwó wọlé. Trans-Allegheny ní West Virginia l'Amẹ́ríkà, tó ti wà láti 1864 tí wọ́n tì ní 1994, tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Nítorí náà, Àbúrò, má tijú láti gba àṣẹ.

Méjì péré ni mo ka sí ojúlówó nínú gbogbo ohun tí mo ti rí. Èkíní ni ti Willard, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ kan ní New York. Nígbà tí wọ́n tì í ní 1995, wọ́n bá àpótí ẹrù àwọn aláìsàn lókè àjà, ó lé ní irinwó. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ wá, bíbélì, ohun ìránṣọ, bí wọ́n ṣe dì í sílẹ̀ ló wà. Jon Crispin ya àwọn àpótí náà, ìjọba kò sì jẹ́ kó fi orúkọ ìdílé wọn hàn, bí ẹ̀yin Màmá ṣe wí. Èkejì ni ti ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ Volterra ní Ítálì, níbi tí aláìsàn kan tó ń jẹ́ Oreste Fernando Nannetti ti fi ìdè aṣọ rẹ̀ ya ọ̀rọ̀ àti àwòrán sára ògiri ìta, gbọọrọ bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú méjèèjì, ẹ ò rí iwin, ẹ ò rí ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó gbé ibẹ̀ lẹ ń rí.

ONÍ X-RAY

Díẹ̀ ni tèmi. Bó bá jẹ́ ilé ìwòsàn ìgbàlódé tí wọ́n tì pa lẹ bá wọ̀, ẹ̀rọ X-ray tí kò sí iná lára rẹ̀ kò lè ta ìtànṣán. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ sàn ni kí ẹ sá fún, torí ìtànṣán àwọn kan nínú wọn kì í kú bí iná bá tiẹ̀ kú. Ní Goiânia ní ilẹ̀ Brazil ní 1987, àwọn kan yọ irin lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé ìwòsàn tí wọ́n ti pa tì, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Cesium ló wà nínú rẹ̀, ó ń tàn búlúù, wọ́n ń fi ra ara wọn. Èèyàn mẹ́rin kú. Bí ẹ bá rí àmì róbótó tó ní ọwọ́ mẹ́ta bíi ti fáànù lára irin, ẹ sá. Bákan náà ni mẹ́kúrì inú ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, àti abẹ́rẹ́ inú koríko. Bàtà tó nípọn ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì.

ALÀGBÀ KÉKERÉ

Ẹ wó ilé náà palẹ̀ kí ẹ fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

ỌMỌ ÌKẸ́NNẸ́

Alàgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mọ́ṣáláṣí ti gba ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣáájú yín.

LẸ́ǸSÌ ÌLÍṢÀN

Obìnrin ni mí, mo máa ń ya ilé àtijọ́, nítorí náà mo máa sọ tiwa. Ẹ bèèrè ọjọ́ orò kí ẹ tó dá ọjọ́. Bó bá jẹ́ apá Ìjẹ̀bú, ẹ bèèrè ti Agẹmọ náà, tó sábà máa ń bọ́ sí oṣù keje. Èmi kì í dá lọ. Mo máa ń fi ibi tí mo wà ránṣẹ́ sí ẹnì kan, a ó jọ dá aago tó máa pè mí, bí mi ò bá gbé e, kó bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà: yàrá á ṣókùnkùn, fèrèsé á mọ́lẹ̀ rekete, kámẹ́rà ò sì lè gba méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Gbé tráípọ́ọ̀dù kalẹ̀, ISO 100, f/8, kó o ya mẹ́ta lójú kan náà: ọ̀kan fún fèrèsé, ọ̀kan fún àárín, ọ̀kan fún òkùnkùn, kí stop méjì (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) wà láàárín wọn. Wàá wá pa wọ́n pọ̀ nílé. Lo táímà ìṣẹ́jú àáyá méjì kí ọwọ́ má baà mì ín. Máṣe lo fláàṣì, ó máa ń pa gbogbo ohun tí àkókò ti ṣe sára ògiri rẹ́. Bó bá jẹ́ fóònù lo ní, tẹ ojú fèrèsé lórí rẹ̀, fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀, kó o wá tún un ṣe nílé. Àárọ̀ ni kó o lọ, kí oòrùn ṣì máa gba ojú fèrèsé wọlé. Nígbà ọyẹ́, má pààrọ̀ lẹ́ǹsì nínú ilé, eruku á wọ sẹ́ńsọ̀. Bó o bá ti inú mọ́tò tó ní AC bọ́ sílẹ̀, fi kámẹ́rà sílẹ̀ nínú báàgì fún ìgbà díẹ̀, torí ooru á bo ojú dígí, wàá máa nù ún lásán.

Tọ́ọ̀ṣì méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan lọ́wọ́. Bí ejò bá ṣán ẹnikẹ́ni, ẹ má gé ojú rẹ̀, ẹ má fi okùn dì í pinpin, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà wà lójú kan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ní kíá. Ilé ìwòsàn ńlá OOUTH wà ní Ṣàgámù níbẹ̀. Bí àdán bá pọ̀ lókè àjà, ẹ má gbá ìgbẹ́ wọn jọ, ẹ má rú u sókè, èbu inú rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kí o tó gbé fọ́tò kankan jáde, pa ibi tó ń kọ àdírẹ́sì sínú fọ́tò. Bí o bá fi fọ́tò ránṣẹ́ bíi dókúmẹ́ǹtì lórí WhatsApp, àdírẹ́sì náà á bá a lọ. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù á ti tú fèrèsé, páànù àti ilẹ̀kùn lọ.

ỌMỌ ONÍṢÈGÙN

Mo ti ń kà yín bọ̀ láti òkè. Bàbá tó bí mi lọ́mọ wo irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ní agbègbè Ìṣarà, mi ò lè dákẹ́. Ṣẹkẹṣẹkẹ̀ wà, mi ò ní parọ́ fún yín. Wọ́n ń dè wọ́n. Ẹlòmíràn á pariwo mọ́jú, mo gbọ́ ọ lọ́mọdé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ṣe é fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ya irin, tí ẹ tún ya irin, tí ẹ tún ya irin, irọ́ lẹ pa.

Ẹ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fi ọ̀pá Bíríkìlà gún ilẹ̀ dáadáa, kí ẹ gé igbó kúrò lára ògiri. Ẹ ó rí òkúta dúdú mẹ́ta mẹ́ta, ààrò kan sí ẹ̀yìn yàrá kan. Bàbá mi kì í gba ẹnikẹ́ni tí ẹbí rẹ̀ kò bá tẹ̀ lé wá. Ìyá aláìsàn ló sábà máa ń jẹ́, ìyàwó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti Ẹ̀pẹ́ wá, wọ́n ti Ìkòròdú wá, ẹlòmíràn á lo oṣù mélòó kan, á máa ta ẹ̀kọ fún àwọn ará àdúgbò kó lè rí owó ra ata. Lára ògiri lókè ààrò kọ̀ọ̀kan, èéfín ti fa dúdú gòkè dé abẹ́ páànù, òjò ò lè fọ̀ ọ́. Níbi tí èéfín ti pọ̀ jù, ẹni tó wà nínú yàrá yẹn ló pẹ́ jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé tráípọ́ọ̀dù kalẹ̀ sí.

Ẹ tún wo etí ọgbà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n gbìn. Oògùn reserpine tí àwọn dókítà òyìnbó lò fún àrùn ọpọlọ ní àwọn ọdún 1950, ẹbí igi yẹn ni wọ́n ti fà á yọ. Ẹ ya ewé náà, ẹ má já a mu o, ó ń já ìfúnpá wálẹ̀ débi ewu.

Àṣẹ fọ́tò ilé kì í ṣe àṣẹ fọ́tò ojúbọ. Ẹ bèèrè ìyẹn lọ́tọ̀, bí wọ́n bá kọ̀, ó parí. Owó kọ́ ni ẹbí máa ń fẹ́ jù. Ẹ tẹ fọ́tò bàbá wọn tàbí ti ilé náà jáde fún wọn, kó tóbi, kó ní férémù.

NỌ́Ọ̀SÌ ÀGBÀ

Ọmọ mi, ìwọ lo sọ ọ́ jù. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi irin sílẹ̀ láìyà. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò òfin wèrè tó ti wà látìgbà òyìnbó amúnisìn, àwọn kan sì ṣì ń de èèyàn mọ́lẹ̀ lónìí, nílé ìbílẹ̀ àti nílé àdúrà. Kí wọ́n yà á lẹ́ẹ̀kan, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sí nínú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ láti fi sín aláìsàn jẹ. Mo ti rí àwọn ọmọ tó ń wọ aṣọ aláìsàn ya fọ́tò, tí wọ́n ń yọ ahọ́n. Ìyẹn, ẹ má dán an wò níwájú mi.

ỌMỌ ONÍṢÈGÙN

Mo fara mọ́ ìyẹn, Màmá. Ẹ̀ẹ̀kan tó.

AYAFỌ́TÒ ṢÀGÁMÙ

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Ìyá onígààrí ló fún mi ní nọ́ńbà àkọ́bí wọn, obìnrin ni, ó wà ní Múṣín. Ó ní òun á bá àwọn àbúrò òun sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé báyìí, gbogbo wọn, ṣùgbọ́n òun alára fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí a má sì kan yàrá bàbá. Nígbà tí mo béèrè ọ̀rọ̀ ààrò, ó dákẹ́ díẹ̀ lórí fóònù, ó ní ìyá òun ló máa ń fún wọn nígi ìdáná. Sátidé tó ń bọ̀ la dá. Mo nílò ẹni tó ní àdá, àti Lẹ́ǹsì Ìlíṣàn bí àyè bá wà, torí lẹ́ǹsì mi kò fẹ̀ tó.

LẸ́ǸSÌ ÌLÍṢÀN

Lẹ́ǹsì wà, mo ń bọ̀. Fi orúkọ ìlú náà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀.

Mo ti rí i. Ẹ sún un sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, orò ń jáde níbẹ̀ ní Sátidé yẹn, èmi àti àǹtí Múṣín ò ní lè wọ̀lú.